Otorhinolaryngology: sílébù rẹ̀, pípè rẹ̀ àti ẹ̀yà tó para pọ̀ di ọ̀rọ̀ náà

Kí ni ọ̀rọ̀ yìí, níbo sì ni èèyàn ti ń bá a pàdé?

Orúkọ ẹ̀ka ìṣègùn tó ń tọ́jú àìsàn etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ni. Ẹ óò rí i lára pátákó ilé ìwòsàn ńlá, lórí ìwé tí dókítà kan fi ń darí aláìsàn sí ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn, àti nínú orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Yunifásítì Ìbàdàn ní Department of Otorhinolaryngology, University College Hospital (UCH), ilé ìwòsàn rẹ̀, ni wọ́n sì ti ń tọ́jú aláìsàn. Lẹ́tà 19 ló wà nínú rẹ̀. Gígùn yẹn nìkan ló ń dẹ́rù bani, torí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ tọ́ tààrà ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú lọ: kò sí fáwẹ̀lì kan nínú rẹ̀ tí a kò ní pè.

Sílébù mélòó ló ní?

Mẹ́sàn-án: o-to-rhi-no-la-ryn-gol-o-gy.

Ẹ lè fi ojú yín kà á. Ẹ tọ́ka sí gbogbo lẹ́tà fáwẹ̀lì tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì ka y mọ́ wọn, nítorí iṣẹ́ fáwẹ̀lì ni y ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejèèjì: o, o, i, o, a, y, o, o, y. Mẹ́sàn-án náà nìyẹn. Kò sí méjì tó fara kan ara wọn, ìdí nìyẹn tí iye fáwẹ̀lì fi bá iye sílébù mu. Ẹ má fi ọgbọ́n yìí ka gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì o. Ẹ wo rhinorrhoea, ìyẹn kí omi máa dà ní imú: fáwẹ̀lì márùn-ún ló wà lójú ìwé, ṣùgbọ́n sílébù mẹ́rin ni ẹnu ń pè, torí o àti e ibẹ̀ ti di ìró kan.

Kí ló dé tí mo fi ń rí mọ́kànlá nígbà tí mo bá kà á bí a ṣe ń ka sílébù Yorùbá?

Ẹ ò ṣìṣe. Èdè méjèèjì ni kì í gé ọ̀rọ̀ bákan náà. Nínú Yorùbá, fáwẹ̀lì kan dúró fún sílébù kan, kọ́ńsónáǹtì aránmúpè náà sì lè dá dúró gẹ́gẹ́ bíi sílébù, tòun ti àmì ohùn tirẹ̀. Nítorí náà, ibi méjì ni iye ti ń lé sí i. Àkọ́kọ́ ni rhi, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní rai ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́nu wa, rá-ì ni, méjì. Ìkejì ni ryn, tó di rì-ǹ. Ẹ wò ó báyìí: ó-tò-rá-ì-nò-lá-rì-ǹ-gọ́-lọ-jì. Mọ́kànlá.

Tí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì bá bi yín léèrè, mẹ́sàn-án ni kí ẹ kọ. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi àmì ohùn sí i, mọ́kànlá ni ẹ máa lò.

Ẹ̀yà mélòó tó ní ìtumọ̀ ló wà nínú rẹ̀?

Mẹ́rin, gbogbo wọn láti inú èdè Gírííkì àtijọ́. Ẹ̀yà wọ̀nyí yàtọ̀ sí sílébù pátápátá, ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń dà wọ́n pọ̀ nìyí.

*Ot-* ni etí. *Rhin-* ni imú. *Laryng-* ni gògóńgò, níbi tí ohùn ti ń jáde. *-logy* ni ìmọ̀ tàbí àlàyé nípa nǹkan. Ó wá láti ara lógos, tó túmọ̀ sí ọ̀rọ̀, nípasẹ̀ -logía. Láàárín wọn, lẹ́tà o mẹ́ta wà tí kò ní ìtumọ̀ kankan, ìsopọ̀ lásán ni wọ́n. Bí a bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí a óò rí nìyí:

ot + o + rhin + o + laryng + o + logy

Ẹ kíyè sí i pé sílébù tó tóbi jù, gol, kó nǹkan mẹ́ta papọ̀: g tó jẹ́ ti gògóńgò, o tó jẹ́ ìsopọ̀, àti l tó jẹ́ ti -logy. Ẹni tó bá fi sílébù wá ìtumọ̀ yóò máa wá ohun tí kò sọnù níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé larynx ni gògóńgò. Níbo wá ni x rẹ̀ wọlẹ̀ sí?

Kò wọlẹ̀, ó tú ká ni. Ní Gírííkì, ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń yí ìparí rẹ̀ padà bí iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn bá yí padà. Lárynx ni gògóńgò fúnra rẹ̀; láryngos ni “ti gògóńgò”. x jẹ́ ìró méjì tó so pọ̀, k àti s, g tó ti wà nílẹ̀ ló sì di k nígbà tí s fara kàn án. Bí s bá ti kúrò, g á padà sí ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ etí tilẹ̀ yí padà jù bẹ́ẹ̀ lọ: oûs ni etí, ōtós ni “ti etí”. Imú jẹ́ rhís, “ti imú” sì jẹ́ rhinós. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ara “ti” yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti gé gbòǹgbò tí wọ́n ń lò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ “etí” nínú ìwé atúmọ̀ Gírííkì kò fi ní rí t kankan níbẹ̀, àyàfi tó bá ka ìlà tó tẹ̀ lé e.

Ìgbà wo ni a ń fi o ìsopọ̀ sí i, ìgbà wo ni a kì í fi í?

Bí ohun tó kàn bá fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, o á wà: otoscope tí dókítà fi ń yẹ inú etí wò, rhinoplasty tí í ṣe iṣẹ́ abẹ láti tún imú ṣe, laryngoscope tí wọ́n fi ń wo gògóńgò. Bí àfòmọ́ ìparí bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, o á jáde: ot + itis di otitis, rhin + itis di rhinitis, laryng + itis di laryngitis, ot + algia di otalgia, ìyẹn etí ríro. “Otoitis” kò sí.

Àyàfi kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí gbòǹgbò ẹ̀yà ara méjì bá pàdé, o sábà máa ń dúró láàárín wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáwẹ̀lì ló tẹ̀ lé e. Gastroenterology ni àpẹẹrẹ rẹ̀: gastr, ikùn, enter, ìfun. o àti e wá fara kanra, a sì ń pe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Sílébù wo ni kí n tẹ ohùn mọ́?

GOL. O-to-rhi-no-la-ryn-GOL-o-gy.

Òfin rẹ̀ rọrùn: gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó parí sí -ology, sílébù kẹta láti ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́. biOLogy, geOLogy, paTHOLogy, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀rọ̀ wa. Ẹ ò nílò láti ka sílébù láti iwájú rárá. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé orí o ìsopọ̀, tí kò ní ìtumọ̀ kankan, ni gbogbo agbára ohùn bọ́ sí.

Otorhinolaryngologist, orúkọ dókítà náà, ní lẹ́tà 21, ṣùgbọ́n sílébù mẹ́sàn-án náà ló ní, orí GOL náà ni ohùn sì wà. Otorhinolaryngological ló ń yí i padà. Sílébù rẹ̀ di mẹ́wàá, ohùn sì ṣí sókè sí iwájú: la-ryn-go-LO-gi-cal. o ìsopọ̀ tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí etí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá gbé GOL wọ inú ọ̀rọ̀ yìí yóò kọsẹ̀ kó tó parí rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ibi pàtàkì yẹn, ibi mẹ́ta tún wà tí ohùn ti ń ga díẹ̀: o àkọ́kọ́, rhi, àti la. Ìyókù rọ̀.

Èmi tí mo ń sọ Yorùbá, ṣé mo lè fi àmì ohùn kọ́ ọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì wúlò gan-an. Nígbà tí Yorùbá bá yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohùn òkè ni a sábà máa ń fi sí ibi tí àwọn elédè náà ń tẹ̀ mọ́: tíṣà, kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà kan náà la fi kọ èyí: ó-tò-ráì-nò-lá-rìǹ-gọ́-lọ-jì. Òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, títí dé gọ́, lẹ́yìn náà kí ohùn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àárín fún lọ, ìsàlẹ̀ fún jì.

Àṣìṣe tí a ń gbọ́ jù ni “gọ́lọ́jí”, kí gbogbo ìparí rẹ̀ wà lókè. Elédè Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ ọ kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ìkejì ni kí èèyàn fi agbára kan náà pe ó, rá, lá àti gọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n gọ́ gbọ́dọ̀ ta yọ.

g méjì ló wà nínú rẹ̀. Ṣé bákan náà ni wọ́n ń dún?

Rárá. Àkọ́kọ́, tó wà níwájú o, jẹ́ g gidi, bíi ti “gọ̀”. Ìkejì, tó wà níwájú y, jẹ́ j. Nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá láti Gírííkì, g sábà máa ń di j níwájú e, i àti y, ó sì máa ń dúró bó ṣe wà níwájú a àti o.

Èyí ló fa ìyàtọ̀ tó ń ru àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lójú. Gbòǹgbò kan náà ni laryng-, àmọ́ g rẹ̀ jẹ́ g nínú laryngology, ó di j nínú laryngitis, laryngectomy àti laryngeal. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ laryngitis á fẹ́ pe “larinjọ́lọ́jì”. Ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé g kí ẹ tó la ẹnu.

Báwo ni mo ṣe máa pe ryn-g tí kò fi ní di “larigọ́lọ́jì”?

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé a máa ń ka “rin” bí fáwẹ̀lì aránmúpè, bíi “rìn” tí a fi ẹsẹ̀ ṣe. Imú á gbà á, n á sì pòórá kí ẹnu tó dé g. Ohun tí ẹ nílò ni n tó dá dúró, tí ẹ̀yìn ahọ́n fi ń kan òkè ẹnu lápá ẹ̀yìn kó tó tú sílẹ̀ fún g.

Ìró yẹn ti wà lẹ́nu yín tipẹ́. Ẹ pe “gògóńgò” díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró lórí ń. Ibi tí ahọ́n yín wà yẹn gan-an ni. Orúkọ tí a ń pe ẹ̀yà ara náà ní Yorùbá ní ńg, orúkọ Gírííkì rẹ̀ náà ní ńg, ẹnu sì ń pe méjèèjì bákan náà. Ẹ pe góńgò, lẹ́yìn náà rìǹgọ́, lẹ́yìn náà lárìǹgọ́.

Ọ̀nà wo ló yá jù láti kọ́ gbogbo rẹ̀?

Láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ibi tí ẹ mọ̀ dáadáa ni ẹ ó ti kọ́kọ́ kọjá, èémí á sì tán yín ní ibi tó le. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ibi tí ẹ ti pè jù ni ẹ ó fi parí.

1. gọ́-lọ-jì. Ẹ pè é títí tí gọ́ á fi ga ju ìyókù lọ.
2. rìǹ-gọ́-lọ-jì. Ẹ má tíì tẹ̀ síwájú bí n bá ṣì ń pòórá.
3. lá-rìǹ-gọ́-lọ-jì. Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, laryngology, ẹ sì lè dúró mí níbí.
4. ráì-nò, kí ẹ wá so ó mọ́ ọn: ráì-nò-lá-rìǹ-gọ́-lọ-jì.
5. ó-tò, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mí láàárín ọ̀rọ̀, ẹ mí ní ibi tí ẹ̀yà méjì ti pàdé: oto, rhino, laryngology. Ẹ má mí lẹ́yìn laryn, nítorí ibẹ̀ ni ńg ti máa ń já.

Kí ni àwọn àṣìṣe inú kíkọ rẹ̀?

Èyí tó gbalẹ̀ jù ni pípa i pọ̀ mọ́ y: “otorhynolaringology”. i imú wá láti lẹ́tà Gírííkì iota, y gògóńgò sì wá láti upsilon. Ẹ rántí báyìí: r méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, èyí tó ní h, i ló ń tẹ̀ lé e, èyí tí kò ní h, y ló ń tẹ̀ lé e. Rhi, ryn.

Àwọn kan máa ń gbàgbé h náà pátápátá. Àwọn kan á gbàgbé g, wọ́n á kọ “larynology”. Ní ti larynx, ẹnu púpọ̀ ló ń yí i sí “larnyx”, ọwọ́ wọn sì ń kọ ohun tí ẹnu wọn pè.

Kí ni h náà ń ṣe lẹ́yìn r, nígbà tí a kì í pè é?

Ìtàn ló ń sọ. Ní Gírííkì àtijọ́, r tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ máa ń ní èémí nínú, wọ́n sì ń fi àmì kékeré sórí rẹ̀. Àwọn ará Róòmù tó ń fi Láàtìnì kọ ọ́ sọ èémí yẹn di h.

Ó tún ní òfin kejì: bí irú r bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ lẹ́yìn fáwẹ̀lì, ó sábà máa ń di méjì, rrh. Ẹ ti rí i nínú rhinorrhoea, ó wà nínú diarrhoea, ó sì wà nínú otorrhoea, etí tó ń ṣọyún. Nínú otorhinolaryngology, wọn ò tẹ̀ lé òfin yìí, wọ́n kàn gbé rhino wọlé bó ṣe wà. Nítorí náà r kan ni fún otorhino, r méjì fún otorrhoea. Ẹ̀dùn ọkàn ni fún ẹni tó fẹ́ràn kí nǹkan bára mu, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ṣé oto- àti auto- jẹ́ ọ̀kan náà?

Rárá o, bí ẹnu Yorùbá tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pè wọ́n bákan náà. Auto- wá láti autós, “fúnra ẹni”. Autoimmune kò kan etí. Oto- pẹ̀lú o kan níwájú ni etí.

Bó bá jẹ́ gògóńgò ni laryng-, kí ló dé tí wọ́n ń sọ pé “ọ̀fun” ni?

Orúkọ náà ni kò gba gbogbo iṣẹ́ náà. Ọ̀nà ọ̀fun, níbi tí oúnjẹ àti èémí ti jọ ń kọjá, ni pharynx. Gbòǹgbò rẹ̀ ni pharyng-, bíi nínú pharyngitis. Dókítà kan náà ló ń tọ́jú méjèèjì, ṣùgbọ́n gògóńgò nìkan ni wọ́n dárúkọ. Wíwo gògóńgò ti di iṣẹ́ ńlá ní tirẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Manuel García, olùkọ́ orin, ló lo dígí kékeré irú èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò láti wo tán-án-ná ọ̀fun tirẹ̀, ìyẹn awẹ́ inú gògóńgò tó ń gbọ̀n kí ohùn lè jáde, ní 1854, ó sì fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1855.

Mo ní ẹbí ní Kútọnu àti ní Bùràsíl. Orúkọ wo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀?

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, èdè Faransé ni ilé ìwòsàn ń lò: oto-rhino-laryngologie, tí wọ́n ké kúrú sí ORL. Ẹ má béèrè ENT níbẹ̀, torí ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún etí, imú àti ọ̀fun nìyẹn. Lẹ́nu Faransé, ryn ń dún bíi “rẹn”, bíi ìparí “ìyẹn”, ohùn sì wà lórí sílébù tó kẹ́yìn.

Ní Bùràsíl, otorrinolaringologia ni; ní Kúbà, otorrinolaringología. Sílébù mẹ́wàá ni méjèèjì, torí ìparí wọn jẹ́ gi-a, orí gi ni ohùn sì wà, bíi ti àwọn Gírííkì fúnra wọn. Wọ́n yọ h, wọ́n sọ y di i, wọ́n sì kọ r lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa di r fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín fáwẹ̀lì méjì. Ní òpópónà, “otorrino” ni gbogbo èèyàn ń pè é. Lẹ́nu ará Bùràsíl, rr yẹn máa ń dún bíi h.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ imú kúrò: otolaryngology, lẹ́tà 14, sílébù méje. Wọ́n ṣì ń tọ́jú imú o. Ní Nàìjíríà, a ń lo méjèèjì: aláìsàn ń lọ sí ENT, ẹgbẹ́ àwọn dókítà rẹ̀ sì ń jẹ́ ORLSON.

Bí ìlà bá tán lójú ìwé, níbo ni mo lè gé e sí?

Lẹ́yìn oto tàbí lẹ́yìn rhino. Kò sí àmì ìsopọ̀ nínú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ìlà kò bá gé e.

Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ Yorùbá?

“Ìmọ̀ ìṣègùn etí, imú àti ọ̀fun” ló yẹ fún òǹkàwé gbogbogbò, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n lè dá a mọ̀ lára pátákó. Kíkọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn dára fún kíkọ́ bí a ṣe ń pè é. Láàárín gbólóhùn, ìdíwọ́ ló jẹ́.

Ṣé ọ̀nà yìí bá àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn mu?

Ó bá gbogbo ìdílé -ology mu. Ẹ dán ophthalmology wò, ìtọ́jú ojú: ophthalm + o + logy, sílébù márùn-ún, ohùn wà lórí MOL. Ohun tó ń kó bá èèyàn níbẹ̀ ni h méjì. Àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń gbàgbé, wọ́n á kọ “opthalmology”, wọ́n á sì pe p. ph jẹ́ f, nítorí náà ọf-tal-MỌ-lọ-jì ló máa ń jáde lẹ́nu wa, nígbà tí th bá ti di t. Gastroenterology gùn jù ú lọ, sílébù méje: gas-tro-en-te-RỌ-lọ-jì. Láti ẹ̀yìn náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ra kí o àti e má di ọ̀kan mọ́ yín lẹ́nu.